Orin Láìsí Dùùrù: Ẹ̀kọ́ Díẹ̀ fún Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Ó Fẹ́ Díje



Ní ìparí sáà tí ó kọjá ni a ṣe ìdíje kan láàrin ara wa, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè fúnra wọn ṣe orin tuntun fún ohùn mẹ́rin ní èdè Yorùbá, láìsí dùùrù, láìsí ìlù, láìsí àtẹ́wọ́ pàápàá. Ohùn ènìyàn nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gbé orin náà dúró. Èmi náà wà lára àwọn tí ó mú orin wá. Ọ̀rọ̀ orin mi kò gùn; ẹ̀bẹ̀ kúkúrú kan ni mo fi parí rẹ̀: "Olúwa, gbà wá." Mo ti kà á nínú ìwé pé ọ̀nà tí ó dájú jù lọ láti parí orin ni kí àwọn ohùn kúrò lórí ìpìlẹ̀ s kí wọ́n sì wá jókòó lórí ìpìlẹ̀ d. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe. Lórí ọ̀rọ̀ "gbà wá" yìí, ohùn òkè gun láti r sí m. Áltò gun láti t sí d. Tẹ́nọ̀ dúró lórí s. Básì sọ̀ kalẹ̀ láti s sí d. Bí a bá fi ojú ìwé òyìnbó wò ó, kò sí àbùkù kan lára rẹ̀.

Nígbà tí a kọ ọ́ tán, àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ tí ó ń ṣe ìdájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó sì wí pé, "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n kí ni a fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ní kí Olúwa gbá wa?"

Ìgbà náà ni ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là sí ohun tí mo ṣe. Ohùn òkè àti áltò ń tọrọ ìgbàlà. Tẹ́nọ̀ dúró lójú kan, kò sọ ibi tí òun wà. Àwọn básì mẹ́fà, tí ohùn wọn kì í ṣe kékeré, ń tọrọ ìgbátí. Gbogbo wọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú ọ̀gá àti àlejò. Bí dùùrù bá ti wà níbẹ̀ ni, ariwo rẹ̀ ì bá bo díẹ̀ nínú ìtìjú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí mo sì rí ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí mo gbọ́ pé a ó tún díje, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn já sínú kòtò kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rántí irú èdè tí tiwa jẹ́. Ohùn mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, tí a ń pè ní dò, re, mí. Orúkọ wọ̀nyí rọrùn láti rántí, ṣùgbọ́n wọ́n ti tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Àwa tí a kọ́ tonic sol-fa ti John Curwen láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ a máa rò pé ọ̀kan náà ni dò ti èdè àti d ti orin. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àtẹ̀gùn ni ti orin, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dúró gbọn-in ní àyè rẹ̀. Dò ti èdè kò ní ibùjókòó kan. Ohun tí etí Yorùbá ń gbọ́ ni bóyá sílébù yìí ga ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ, tàbí ó relẹ̀ jù ú lọ, tàbí wọ́n dọ́gba. A lè kọ "Ìkìrun" ní d d r, a lè kọ ọ́ ní s s l, a tilẹ̀ lè fò sókè kí a kọ ọ́ ní d d s. Ará Ìkìrun yóò dáhùn sí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ ní r d d, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ìlú òun ni a ń pè. "Òkukù" a máa gòkè díẹ̀ kí ó tó padà sílẹ̀, d r d. "Ìnísà" a máa gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, d m d. Ìlú mẹ́ta lójú ọ̀nà kan ṣoṣo, orin mẹ́ta.

Ohun méjì mìíràn wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Èkíní ni pé gbólóhùn gígùn a máa rọra relẹ̀ bí ó ti ń lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn òkè tí ó wà ní ìparí rẹ̀ lè má ga ju ohùn àárín tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Nítorí náà kò pọn dandan kí gbogbo mí inú orin kan jókòó lórí ìgbésẹ̀ kan náà. Èkejì ni pé ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò. Yíyọ́ ni ó ń yọ́ gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ìsàlẹ̀ tí ó tẹ̀lé ohùn òkè ń yọ́ bọ̀ wá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi nóòtù méjì tí a so pọ̀ fún irú sílébù bẹ́ẹ̀ kò ṣe àṣejù. Bí a ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ni ó kọ.

Àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti Èkó, orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a mú, tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ̀ bí ẹni fi ẹ̀wù ẹlòmíràn wọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà dára, ohùn náà dára, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ara wọn rí. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti (1855–1930) wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ yí i padà. Ó mú ohùn orin ilẹ̀ wa, ó sì fi ọ̀rọ̀ ìsìn sí i, ní ọdún 1922 ó sì kọ àwọn orin rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. E. Phillips (1884–1969), aludùùrù àti ọ̀gá akọrin Kàtídírà ti Krístì ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí kí ó wá ìwé tí ó tẹ̀ jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ó kọ́ wa níbẹ̀ pé orin àbáláyé wa fẹ́ràn àtẹ̀gùn onígbésẹ̀ márùn-ún, d r m s l, àti pé bí ohùn kejì yóò bá bá ti èkíní lọ, ó sàn kí wọ́n jọ máa gòkè kí wọ́n sì jọ máa sọ̀ kalẹ̀. Àlùfáà A. T. Ọlá Olúdé ti Ìjọ Mẹ́tọ́dísì tẹ̀lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orin rẹ̀ "Jésù, a fẹ́ pàdé", ti ọdún 1949, ti wọ inú ìwé orin àwọn ará Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé àwọn náà wá ń fi ọ̀rọ̀ tiwọn wọ ẹ̀wù wa.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé, kí ni ó dé tí ìdíje fi ní kí a má lu ìlù? Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ìkìrun. Ní ọdún 1961 Dúró Ládiípọ̀ (1931–1978), ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ bí a ti ń múra láti ṣe é, gbé orin Àjíǹde kan kalẹ̀ nínú ìjọ All Saints, ó sì mú ìlù dùndún wọ ilé ìsìn. Àwọn àgbà ìjọ kò fara mọ́ ọn. Ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síta, ní 1962 ẹgbẹ́ Mbari Mbayo bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ní 1963 ó ṣe eré Ọba Kò So, tí wọ́n fi lọ sí Berlin ní 1964. Inú mi dùn sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí, èmi kò sì sí lára àwọn tí ó kórìíra ìlù. Ṣùgbọ́n ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí akọrin bá fi ohùn rẹ̀ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìlù lè tún un sọ lẹ́yìn rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a gbọ́ ọ. Ẹni tí a bá ní kí ó kọrin láìsí ìlù ti pàdánù olùrànlọ́wọ́ ńlá. Ọ̀fun rẹ̀ nìkan ni yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Nítorí náà ni mo ṣe ka irú ìdíje yìí sí ìdánwò tí ó le jù fún ẹni tí ó ń ṣe orin Yorùbá, tí ó sì tún ṣe é ní àǹfààní jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé iṣẹ́ àgbàlagbà nìkan ni. Enoch Sontonga, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù kan ní ẹ̀bá Johannesburg, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó fi tonic sol-fa kọ "Nkosi Sikelel' iAfrika" ní 1897. Ọjọ́ orí àwa tí a wà nínú kíláàsì yìí nìyẹn. Láti 1997 ni ó ti jẹ́ apá kan orin ìlú South Africa.

Níbo wá ni a ó ti kọ́ ọ? Èrò mi ni pé a kò gbọ́dọ̀ jìnnà sílé. Ní Òkukù, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ láyé àtijọ́, ó ní láti sun rárà ìyàwó, èyí tí àwọn ibòmíràn ń pè ní ẹkún ìyàwó. Òun nìkan ni ó ń sun ún, ohùn rẹ̀ nìkan ni ó sì gbé e. Lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin ni ó ti kọ́ ọ. Arábìnrin Karin Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ní Òkukù ní àwọn ọdún 1970, ó fi etí sílẹ̀ sí àwọn obìnrin ìlú náà, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí oríkì wọn ní 1991. Rárà ìyàwó ti dín kù púpọ̀ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò tíì tán. Mo tọ ìyá àgbà kan lọ níbẹ̀ nígbà ọlidé, tí ó jẹ́ ìyekan bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, "Olúwa, gbà wá," bí ẹni ń sun rárà. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ibi ẹ̀bẹ̀ lo wà, àbí ibi ìbéèrè?" Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni, Ìyá. Ó fà "gbà" gùn ní ìsàlẹ̀ ọ̀fun rẹ̀, ó sì jẹ́ kí "wá" yọ́ gòkè láti ibẹ̀ bí èéfín. Kò mọ s, kò mọ d, ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ sínú ìwé mi nígbà tí mo padà dé ilé ni s₁, lẹ́yìn náà d.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ orin ti rí i nísinsìnyí. Básì mi sọ̀ kalẹ̀ láti s sí d. Bí mo bá ti mú s náà lọ sí ìsàlẹ̀, kí básì bẹ̀rẹ̀ láti s₁ kí ó sì gun lọ sí d, ìpìlẹ̀ kan náà ni, ìparí kan náà ni, ìwé òyìnbó kò ní fi ẹ̀sùn kàn mí, àwọn básì ì bá sì bá wa tọrọ ìgbàlà. Nóòtù kan ṣoṣo ni ó wà láàrin àdúrà àti èébú.

Láti inú èyí ni mo ti rí òfin kìíní tí mo ń lò: kí gbogbo ohùn tí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àkókò kan náà jọ máa rìn ní ìhà kan náà. Ẹ mú gbólóhùn yìí wò: "kí ayọ̀ wa kún." Ohùn rẹ̀ ni òkè, àárín, ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Mo fi àtẹ̀gùn onígbésẹ̀ márùn-ún kọ ọ́, mo sì fún ohùn kejì ní ìgbésẹ̀ méjì sí ìsàlẹ̀ ohùn òkè níbi gbogbo:

Ohùn òkè: s m r m s
Ohùn kejì: r d l₁ d r

Níbi tí àyè ohùn méjèèjì jẹ́ mẹ́rin ó dún líle díẹ̀. Níbi tí ó jẹ́ mẹ́ta ó rọ̀. Ọ̀rọ̀ kò sì sọnù lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kò nílò ìwé kankan láti mọ èyí, nítorí wọ́n ti ń fi ohùn méjì kọrin bẹ́ẹ̀ pẹ́, nígbà tí àwa ará Ọ̀yọ́ fẹ́ràn kí gbogbo wa kọ ohùn kan ṣoṣo. Ní agbègbè wa, tí a kò jìnnà sí Ìjẹ̀ṣà, kò yẹ kí ó ṣòro láti yá a lọ́wọ́ wọn.

Wọn yóò wí pé orin tí gbogbo ohùn rẹ̀ ń rìn pọ̀ bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yóò sú ni. Òtítọ́ ni, bí a bá ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí gbogbo wọn máa sọ̀rọ̀ pọ̀ nígbà gbogbo? Ẹ jẹ́ kí tẹ́nọ̀ dákẹ́ kí ó sì wọlé lẹ́yìn tí ohùn òkè ti sọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí básì máa kùn láìsọ ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sọ nǹkan kò lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó sì lè lọ sí ibikíbi tí ó wù ú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ lo elé àti ègbè. Lílé ni ọ̀nà tí orin wa fi ń sọ ọ̀rọ̀ tuntun, ègbè ni ó fi ń dúró lójú kan.

Elé àti ègbè yìí tún yanjú ìṣòro ẹsẹ. Orin ìsìn onígẹ̀ẹ́sì ní ohùn kan fún ẹsẹ mẹ́fà. Ní èdè wa, ohùn tí ó bá ẹsẹ kìíní mu lè pa ẹsẹ kejì. Lórí s m r m s tí mo fi hàn yìí, mo kọ́kọ́ fẹ́ fi "kí ìjọ wa gbó" ṣe ẹsẹ kejì. Ẹ kọ ọ́ wò, ẹ ó gbọ́ pé "ìjọ" ti di ohun tí kò sí nínú èdè kankan. Ó gbà mí ní alẹ́ kan kí n tó rí "kí ilẹ̀ wa mọ́", tí ohùn rẹ̀ bá ti ìṣáájú dọ́gba ní sílébù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní sùúrù fún irú wíwá bẹ́ẹ̀ kí ó jẹ́ kí elé yí ohùn rẹ̀ padà ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi ègbè kan náà dè é.

Nígbà mìíràn èdè ti ṣe iṣẹ́ náà fún wa. Ẹ wo ogun tí a jà ní Ìkìrun ní oṣù November 1878, tí àwọn Ìbàdàn ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá, tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń sá sì kú sínú odò Ọ̀tìn. Jálumi ni a pè é. Orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì já bọ́ sílẹ̀ bí àwọn ọmọ ogun náà ti já lu omi. Bí ọ̀dọ́ kan láàrin wa bá fẹ́ ṣe orin lórí rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ohùn mẹ́rin já bọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ara wọn. Mo ti ń ronú láti ṣe é fúnra mi, ṣùgbọ́n mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú un.

Ó kù kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdájọ́. Nígbà tí mo ń ṣe ìdánrawò ìkọ́ni ní Ìnísà, mo kọ orin kan fún kíláàsì karùn-ún, tí "ilé ọ̀run" wà nínú rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ohùn tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ ní ìparí rẹ̀ kọ ọ́, bí a ti ń ṣe nínú ọ̀pọ̀ orin ìsìn, mo sì ní kí àwọn ọmọ náà ya àwòrán ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn tí ó ti mọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ilé ìsìn ya áńgẹ́lì. Ọmọbìnrin kan ya ilé onípáànù, ó sì ya ọrùn gígùn kan bí ti àgùnfọn tí ó yọ jáde lójú fèrèsé. Mo bi í pé kí ni èyí. Ó ní, "Ilé ọrùn ni, sà." Mo fún un ní máàkì tí ó pọ̀ jù, nítorí òun nìkan ni ó gbọ́ ohun tí mo kọ, àwọn yòókù gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tí yóò ṣe ìdájọ́ ìdíje tí ń bọ̀ pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ohùn kọ̀ọ̀kan dá tirẹ̀ kọ, básì pẹ̀lú, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó gba ìwé. Èmi kò sọ pé kí a já máàkì gbogbo ẹni tí ó bá ṣi ohùn kan gbé. "Ámín" àti "Halelúyà" kì í ṣe èdè wa láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ fi wọ́n fò bí ó ti fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni orin tí ó tọ́ ní ohùn ṣùgbọ́n tí kò dùn kò yẹ kí ó gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n orin tí ó bá yí àdúrà padà di èpè, bí ó ti wù kí ó dùn tó, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín kí ó lọ tún un ṣe.

Mo ti tún tèmi ṣe. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn básì mẹ́fà náà sì ń kọ ọ́ láti s₁ sí d. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ráhùn pé ìsàlẹ̀ náà jìn jù fún òun.